Amuneke, Wíńgà Tó Di Kóòṣì

Emmanuel Amuneke ni mo fẹ́ kí a rántí lónìí. Wíńgà Nàìjíríà ni, ọwọ́ òsì pápá ló sì ti máa ń da àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn láàmú. Lọ́dún 1994, nílùú Tunis, Zambia ló kọ́kọ́ jẹ góòlù nínú àṣekágbá ife Áfíríkà. Amuneke dá a padà, ó tún jẹ ìkejì, ife di tiwa. Ní 1996, òun náà ló jẹ góòlù kẹta tí a fi borí Argentina ní Olympics. Barcelona mú un lọ, àmọ́ ìṣòro orúnkún kò jẹ́ kó gbádùn ibẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Àmọ́ iṣẹ́ kóòṣì rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ní 2015, ó kó àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ sí Chile, wọ́n sì gba ife àgbáyé. Ọ̀kan nínú wọn ni Victor Osimhen, ọmọ tó ti ta omi inú ọ̀rá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó. Góòlù 10 ló jẹ níbẹ̀! Lẹ́yìn náà, Amuneke mú Tanzania dé ife Áfíríkà 2019, ìdíje tí wọn kò dé mọ́ láti 1980. Wọ́n fìdí rẹmi nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin aláṣẹ bọ́ọ̀lù wa, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àwọn irú Amuneke máa kọ́ àwọn ọmọ wa, kí ẹ sì fún wọn láyè tó pẹ́.