Ibà Ọmọ Tuntun ní Ayé Àrùn Kòrónà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí ni ti ibà tí ó bá mú ọmọ tí kò tí ì pé oṣù kan láyé.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020 ni a kọ́kọ́ rí àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà. Kí oṣù Kẹta tó parí, ó ti dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn oníṣègùn ṣàkíyèsí pé kì í le púpọ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkókó tí ó bá mú. Ara wọn lè gbóná, wọ́n sì lè máa wúkọ́, tàbí kí wọ́n má mu ọmú dáadáa, kí ara wọn sì yá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Níbo wá ni ewu wà? Bí ibà Kòrónà ti ń bẹ̀rẹ̀ náà ni ibà tí ó ń pa ìkókó kíákíá ń bẹ̀rẹ̀: èyí tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, ti inú ìtọ̀, tàbí ti awọ tí ó bo ọpọlọ ń fà. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí àyẹ̀wò tilẹ̀ fi Kòrónà hàn, dókítà ṣì ní láti wò bóyá òmíràn wà níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, oòrùn a máa mú gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ara ìkókó bá gbóná, àwọn kan a ní ooru ni, àwọn mìíràn a gbé àgbo kaná. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ọjọ́ kan yóò ṣú, ọ̀nà abà sí ilé ìwòsàn sì jìn. Bí tẹmómítà bá fi 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn lórí ìwọ̀n Celsius, tàbí bí ọmọ bá kọ ọmú, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ara tí ó tutù jù pẹ̀lú jẹ́ àmì ewu.

Lẹ́yìn ìbí, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó yí ìkókó ká ni ó sábà ti ń kó àrùn yìí. Ẹ rántí ọjọ́ ìkómọ, tí ọmọ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Kí ẹni tí ó ń wúkọ́ súre láti òkèèrè. Bí ó bá jẹ́ ìyá ni àrùn náà mú, kí ó má gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó bo imú àti ẹnu, kí ó fọ ọwọ́, kí ó sì máa fún un lọ́mú.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ni àgbà ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ sọ ọ́ délé.