A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìwà Òtítọ́ Nínú Ìwádìí, Ìtọ́jú Aláìsàn, Òwò àti Ẹ̀rọ

Mo rí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ sá lọ jókòó sẹ́yìn nítorí pé ẹ rò pé àwọn ará iwájú nìkan ni a máa ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìwé ìpè yín tẹ̀ mí lọ́wọ́, tí mo rí i pé ìwádìí, òwò, ẹ̀rọ ìgbàlódé àti ìtọ́jú aláìsàn ni ẹ kó pa pọ̀ sínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo, mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ìwé náà ti mọ̀ mí pẹ́, ó sì mọ̀ pé n kì í rí ibi tí aago gbé ń lọ bí mo bá ti di gbohùngbohùn mú.

N kò ní fi àsìkò ṣòfò lórí ohun tí ìwà òtítọ́ jẹ́. Kò sí ẹni tí ó wà níhìn-ín tí ìyá rẹ̀ kò kọ́ pé ohun tí kì í ṣe tẹni, a kì í mú un láìtọrọ, pé ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ, àti pé ẹni tí ó bá fi ara tì wá, a kì í yẹ̀ fún un kí ó ṣubú. Àwọn òyìnbó kọ tiwọn sílẹ̀ ní Nuremberg ní 1947, lẹ́yìn tí ayé ti rí ohun tí àwọn dókítà Hitler fi ojú ẹlẹ́wọ̀n rí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé kọ tiwọn ní Helsinki ní 1964. Àwa náà ní Nàìjíríà tẹ ìlànà ìwádìí ìlera tiwa jáde ní 2007. Ẹ ti ka gbogbo wọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ kò kà wọ́n, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lẹ́yìn, kì í ṣe èmi ni ó yẹ kí ojú tì.

Ìwádìí

A kì í fárí lẹ́yìn olórí: lórí ọ̀rọ̀ àgbà yìí ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń bá ara wa fà á láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú bí kóró iṣin. Apá kan nínú wọn gbà pé bí a bá ti rí ìfọwọ́sí tàbí ìtẹ̀ka ẹni nísàlẹ̀ ìwé, ọ̀ràn ti bùṣe, ìbáà ṣe pé ẹni náà kò mọ̀ bóyá oògùn ni a fẹ́ fún un tàbí ẹ̀jẹ̀ ni a fẹ́ gbà lára rẹ̀. Apá kejì, tí wọ́n sì ń fi ìgbéraga pe ara wọn ní olùgbèjà àṣà, ní ìwé jẹ́ ti òyìnbó, pé láàárín àwa Yorùbá, bí baálé bá ti gbà, agboolé gbà, kí ni a tún ń bi obìnrin tàbí ọ̀dọ́ léèrè sí? Mo ti dá wọn lóhùn nínú ìwé, mo ti dá wọn lóhùn nínú ìpàdé, n ó sì tún dá wọn lóhùn níhìn-ín, nítorí mo rí méjì nínú wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń fi ojú bá mi ṣeré. Ẹni tí baálé bá gbà láyè láti wọ agboolé, ojú ọ̀nà ni ó gbà á láyè láti gbà. Baálé ló ni ojú ọ̀nà, kò ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bí àwọn bàbá wa bá tilẹ̀ fẹ́ fi ọmọ fún ọkọ, tí ìdílé méjèèjì ti jẹun tí wọ́n ti mu, wọn a ṣì pe ọmọ náà sáàárín agbo pé kí ó sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ní àṣà Yorùbá kò mọ ìbéèrè, àṣà tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tí kò gbé láàárín wa ni ó ń kà fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lọ wá, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti gbọ́ títí tí ó fi sú wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà, tí Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá tí wọ́n pè ní International HapMap Project, èrò wọn sì ni láti ya àwòrán ibi tí DNA, ohun àjogúnbá inú ara wa, gbé yàtọ̀ láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn, kí ó lè rọrùn láti tọpa àrùn dé orísun rẹ̀. Ènìyàn 270 ni wọ́n lò: 90 láti Utah ní Amẹ́ríkà, 45 láti Tokyo, 45 láti Beijing, àti 90 láti ilé Olúyọ̀lé, Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, ìlú jagunjagun tí oríkì rẹ̀ ti dá olè láre kí kóòtù tó dé ilẹ̀ wa. Ìdílé 30 ni àwọn ará Ìbàdàn wọ̀nyí, bàbá, ìyá àti ọmọ wọn tí ó ti dàgbà, a sì rí i dájú pé Yorùbá ni òbí àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó bí àwọn òbí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ni bí wọ́n ṣe wọlé. Ọmọ wa Charles Rotimi, tí ó wà ní Yunifásítì Howard ní Washington nígbà náà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò jókòó, wọ́n jíròrò, wọ́n gbọ́ ìbẹ̀rù wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó wá bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ lójú ara rẹ̀, kí ó gbà tàbí kí ó kọ̀. Ẹ̀yin olùgbèjà àṣà, ṣé ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Àdúgbò sọ tirẹ̀, olórí sì sọ ti orí rẹ̀. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ ju iye tí wọ́n fẹ́ lò lọ, kí ó má baà sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé tòun ni wọ́n lò. Wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí ilé ìpamọ́ Coriell ní Camden, ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí wọ́n ti mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ máa di púpọ̀ láìdáwọ́dúró, kí wọ́n lè máa fi ránṣẹ́ sí onímọ̀ tí ó bá béèrè, ní ibikíbi láyé. Wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ kan láàárín àwọn ará àdúgbò, tí wọn yóò máa ròyìn fún nípa ohun tí a ń fi àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ṣe.

Àdéhùn kan tún wà níbẹ̀: ẹni tí ó bá lo ẹ̀jẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé ti àwọn Yorùbá tí ń gbé Ìbàdàn ni, kò gbọdọ̀ sọ pé ti Áfíríkà ni. Ẹ wá lọ ka àwọn ìwé ìwádìí tí ó tẹ̀lé e, kí ẹ rí bí ìdílé 30 láti ìlú kan ṣoṣo ṣe di Áfíríkà látòkèdélẹ̀, di Hausa, di Zulu, di Lúò. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ tiwa, tí a bí ní Mọ́kọ́lá tí a sì tọ́ ní Mọ́nátàn, ń kọ irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn nítorí pé ìwé òyìnbó kan ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọ ni a rán yín, ẹ wá ń fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Ní 2008, ilé-iṣẹ́ Illumina tẹ gbogbo ìtòlẹ́sẹẹsẹ DNA ọkùnrin kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ọ̀kan nínú àwọn ará Ìbàdàn wa ni ọkùnrin náà. NA18507 ni wọ́n ń pè é, nítorí kò ní orúkọ mìíràn níbẹ̀. Bóyá ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní àdúgbò Gate ní òwúrọ̀ òní, bóyá olùkọ́ ni, bóyá ó ti dolóògbé. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ni, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un, níwọ̀n ìgbà tí a ti dìídì ba ojú ọ̀nà tí a lè fi mọ̀ ọ́n jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń jiyàn ní èyí ni òpin òtítọ́, pé ẹni tí a kò mọ̀, a kò lè ṣe é níbi. Mo gbà fún un dé ààbọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Henrietta Lacks, obìnrin adúláwọ̀ tí ó kú ní Baltimore ní 1951, tí àwọn dókítà mú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ láìbi í léèrè, tí ó lé ní ogún ọdún kí ẹbí rẹ̀ tó gbọ́ pé sẹ́ẹ̀lì náà ṣì ń dàgbà káàkiri ayé. Ìwà àìdáa gbáà ni wọ́n hù sí i. Síbẹ̀, nítorí pé a mọ orúkọ rẹ̀, ẹbí rẹ̀ rí ilẹ̀kùn kàn: ní 2013, ìjọba Amẹ́ríkà gbà pé kí méjì nínú wọn jókòó sínú ìgbìmọ̀ tí ń pinnu ẹni tí yóò rí ìtòlẹ́sẹẹsẹ DNA rẹ̀ kà; ní 2023, wọ́n sì bá ilé-iṣẹ́ kan tí ó ti fi sẹ́ẹ̀lì náà ṣòwò parí ẹjọ́. Ará Ìbàdàn tí a bi léèrè tìyìntìyìn kò lè kan ilẹ̀kùn kankan fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ àdúgbò nìkan ni ó kù fún un. Ẹ dákun, ẹni mélòó nínú wa nínú gbọ̀ngàn yìí ni ó tilẹ̀ mọ̀ pé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà rí?

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo ń bá ọ̀gá mi gbé àpò ìwé ká abúlé, a dé àgbàlá ìyá àgbà kan tí ó ń fọ́ èkùrọ́. Ó jẹ́ kí ọ̀gá mi rojọ́ rẹ̀ tán, ó ní, “Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ará yín gbà lọ́wọ́ wa ní ọdún èṣí, kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀?” Àwọn tí ó ń wí kì í ṣe ara wa, a kò sì mọ ibi tí wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ máa ń dún bí agogo, kò rí èsì kan fọ̀. Ìyá náà kò bínú. Ó kàn ń fọ́ èkùrọ́ rẹ̀ lọ, kò sì nawọ́ sí wa ní ọjọ́ náà. Ìyọ̀ǹda tí kò ní ọ̀nà àbọ̀, tí ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀ kò lè bá padà wá bi wá ní ìbéèrè, èmi kò kà á sí odindi ìyọ̀ǹda, iyekíye ìtẹ̀ka tí ì báà wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìtọ́jú aláìsàn

Mo rí i pé alága ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. N ó yára. Ọ̀rọ̀ Kánò ni mo fẹ́ sọ. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé níbẹ̀, tí ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières sì ń tọ́jú aláìsàn ní ilé-ìwòsàn àrùn àkóràn ìlú náà, ilé-iṣẹ́ Pfizer dé pẹ̀lú oògùn tuntun kan, Trovan. Wọ́n kó ọmọ bí 200 jọ, ìdajì lo Trovan, ìdajì lo ceftriaxone, oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. 11 kú, márùn-ún nínú àwọn tí ó lo Trovan, mẹ́fà nínú àwọn yòókù. Àwọn òbí ní a kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni, àti pé ìwọ̀n ceftriaxone kéré. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn òbí fi ẹnu gbà, pé àrùn ni ó pa àwọn ọmọ. Lẹ́tà ìyọ̀ǹda tí wọ́n gbé jáde pé ó wá láti ilé-ìwòsàn ńlá kan níbẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwòsàn náà ní kò sí ìgbìmọ̀ tí ì bá kọ irú rẹ̀ ní àsìkò tí a kọ sí i lórí. Ní 2009, wọ́n parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Kánò ní 75 mílíọ̀nù dọ́là, wọn kò sì gbà pé àwọn jẹ̀bi.

Owó náà kò tíì jáde nígbà tí èrè ìwà náà ti dé. Ní 2003, Kánò ní òun kò gba àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mọ́, ó sì tó nǹkan bí ọdún kan kí wọ́n tó yí padà, tí àrùn náà fi ti ibẹ̀ ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Kì í ṣe Trovan nìkan ni ó fà á. Ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ti ẹ̀sìn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò ti bù jẹ rí kì í dúró bèèrè lọ́wọ́ ekòló kí ó tó sá.

Òwò

Ní 1990, ní Ìbàdàn níhìn-ín àti ní Jos, ọmọ tí ó lé ní 40 kú nítorí oògùn ibà olómi tí wọ́n pò pẹ̀lú diethylene glycol, ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ń lò, tí ń ba kíndìnrín jẹ́, tí owó rẹ̀ sì kéré ju ti ojúlówó èròjà lọ. A dá NAFDAC, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, sílẹ̀ ní 1993. Ní 2008, májèlé kan náà tún wà nínú oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí wọ́n pò ní Èkó. Ọmọ 84 ni ó bá a lọ. Ohun kan náà ti pa ènìyàn tí ó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà ní 1937, kò sì tó ọdún kan tí wọ́n fi ṣòfin tuntun nítorí rẹ̀. Oníṣòwò tí ó ra kẹ́míkà láìyẹ̀ ẹ́ wò kò sọ pé kí ọmọ kú. Ó kàn sọ pé kí èrè pọ̀, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run, bí ẹni pé Ọlọ́run ni òṣìṣẹ́ tí ń yẹ kẹ́míkà wò fún un.

Ẹ̀rọ

Gbólóhùn díẹ̀ ni àyè gbà. Ẹ mọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yáni lówó orí fóònù, tí ẹni tí ó bá pẹ́ san gbèsè yóò rí i pé wọ́n ti kọ̀wé sí àna rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, sí olùkọ́ ọmọ rẹ̀, pé olè ni. Ní 2021, NITDA, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn 10 mílíọ̀nù náírà lé ọ̀kan nínú wọn. Àwọn agbẹjọ́rò irú wọn a máa sọ pé ẹni tí ó yáwó ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wo inú fóònù òun. Ó dára, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù náà ńkọ́, ọwọ́ ta ni ó fi sí i? Ẹ̀yin tí ẹ ní baálé lè gbà fún agboolé, èyí ni ibi tí ọ̀rọ̀ yín ń gbé wa lọ. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ará ìlú ti wà láti 2023, àjọ tí ń bójú tó o sì wà ní Àbújá. Ẹni tí ọ̀ràn náà bá kàn lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí wọn, mo sì ti ran méjì nínú àwọn aládùúgbò mi lọ́wọ́ láti kọ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó jókòó sẹ́yìn kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè.