Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Ìdí Ọkọ̀ Wa Wò
(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ọkọ̀ sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́)

Ẹgbẹ́ bi wá léèrè pé èló ni a ó fi kun ọkọ̀ ojú omi wa lọ́dà kí ọjọ́ ayẹyẹ tó dé. Èsì tí a mú wá lè má dùn mọ́ gbogbo yín nínú: ọ̀dà kọ́ ni ó kàn. Ìdí ọkọ̀ náà ti ń jẹrà.

Ní ayé àwọn baba wa, àjẹ̀ ni wọ́n fi ń tukọ̀. Kò sí ẹrù wíwúwo kan tí ó rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Ní ọdún 1909 ni Ole Evinrude bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tí irú rẹ̀ ti dé orí ọ̀sà wa ni pátákó ìdí ọkọ̀ ti dà bí òpó ilé. Ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 a máa wúwo tó kìlógíráàmù 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pátákó yìí ni ó gbé e, òun náà ni ó sì ń gba gbogbo agbára tí ń ti ọkọ̀ síwájú. Bí ó bá já lójú omi, ẹ́ńjìnnì yóò rì, omi yóò sì wọlé bá àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn ìyá ọlọ́jà.

Ọkọ̀ fáíbà ni tiwa. Ẹni tí ó bá wò ó lóde yóò rò pé kò sí igi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n pláìwúùdù wà láàrin awọ fáíbà méjèèjì tí ó wà ní ìdí rẹ̀. Ojú ihò bóòtù ni omi gbà wọ ibẹ̀. Bí ó bá ti wọlé, kì í rí ọ̀nà jáde. Igi a máa rà ní ìkọ̀kọ̀, ara òde a sì máa dán.

Báyìí ni a ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. A wo igun tí pátákó ti pàdé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, a rí i pé ó ti sán. A fi òòlù kékeré kàn án káàkiri: ibi tí ó le dún ketekete, ṣùgbọ́n abẹ́ ẹ́ńjìnnì dún bí ẹni lu àpò gàrí. A di ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì mú, a gbé e sókè, a tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, pátákó sì ń mì tẹ̀ lé e. Níkẹyìn, a tú bóòtù ìsàlẹ̀ kan, omi dúdú sì jáde.

Àwọn kan ní kí a kan irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn. Egbò tí a fi aṣọ bò kò tíì jinná. Igi rírà kò lè di bóòtù mú.

Bí a ó ti tún un ṣe nìyí. A ó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, a ó gé awọ inú, a ó sì fi ti òde sílẹ̀ kí ọkọ̀ má baà yí padà. A ó gbẹ́ igi rírà kúrò títí a ó fi kan èyí tí ó le, a ó sì jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ pátápátá, nítorí rẹ́sìnnì kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ igi tí ó lómi. A ó lẹ pláìwúùdù tí a ṣe fún ọkọ̀ omi pọ̀ títí yóò fi nípọn bí ti àtijọ́, a ó fi aṣọ fáíbà bò ó ní ìpele-ìpele, kí ó sì gùn dé ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí ẹrù má baà dúró sí ojú kan. Ihò bóòtù kọ̀ọ̀kan ni a ó kọ́kọ́ lu tóbi, a ó fi rẹ́sìnnì dí i. Nígbà tí ó bá le, a ó tún un lu ní ìwọ̀n bóòtù. Bẹ́ẹ̀ ni omi kò fi ní kan igi mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ wa mẹ́ta nìyí: kí a fi owó ọ̀dà ṣe iṣẹ́ yìí, kí ọkọ̀ náà má gbé ẹnikẹ́ni títí iṣẹ́ yóò fi parí, kí awakọ̀ sì máa yẹ bóòtù wò lóṣooṣù. A mọ̀ pé ìrìn àjò yóò nira fún wa fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ọkọ̀ wa bá dé ibi ayẹyẹ láìní ọ̀dà tuntun, kò sí ìtìjú níbẹ̀, bí gbogbo ọmọ wa bá ti gúnlẹ̀ ní àlàáfíà.