Ẹ Ka Ara Rọ́bà Omi Kí Ẹ Tó Rà Á

 

Lọ́jọ́ tí a kọ́ nọ́mbà ńláńlá, bàbá kan bi mí níbí pé: « Ọmọ mi, kí la fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe? Ṣé àwa máa di akọ̀wé ni? » Mi ò rí èsì gidi fún wọn lọ́jọ́ náà. Èsì náà ló wà lọ́wọ́ mi yìí: rọ́bà omi kan tó ti bẹ́.

Ẹ mọ bí ẹrẹ̀ wa ṣe rí. Tí òjò bá rọ̀, amọ̀ dúdú ọ̀nà Massè á lẹ̀ mọ́ táyà. Tó bá gbẹ, ó di òkúta. Àwọn onízémìjàn ń wá ibi tí wọ́n á ti fọ alùpùpù, àwọn ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Massè náà ń wá a. Torí náà làwọn ọ̀dọ́ kan ṣe ń dá ibi ìfọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ọjà, ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ò ju: « Èwo ló pọ́ọ́kú? » Wọ́n á sanwó, wọ́n á gbé e kọ́ èjìká, ó tán.

Ní Faransé àti ní Amẹ́ríkà, ibi ìfọkọ̀ wà tí onímọ́tò fúnra rẹ̀ ti ń fọ ọkọ̀ rẹ̀. Á fi owó sínú ẹ̀rọ, á mú búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ tó ti hó á máa tú jáde láàárín irun búrọ́ọ̀ṣì náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìbọn omi wà, tí ń fi agbára tú omi láti ṣan ọkọ̀. Rọ́bà búrọ́ọ̀ṣì ọ̀tọ̀, rọ́bà ìbọn ọ̀tọ̀. Wọn kì í fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì.

Àwa ṣe é. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ra àlòkù ẹ̀rọ tí ń fi agbára tú omi. Rọ́bà rẹ̀ là. Owó ò sí. Wọ́n bá yọ rọ́bà tó ń gbé omi ọṣẹ lọ sí búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ká fi rọ́pò. Èmi gan-an ni mo fi wáyà dè é. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Kò pẹ́ rárá, rọ́bà bẹ́ pòó! Ó ń jà kiri bí ejò, ó gbá ọ̀kan nínú wọn lójúgun. Nígbà tí ara wa balẹ̀ ni mo tó yí rọ́bà náà wò. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ kedere: 10 bar. Lára ẹ̀rọ ńkọ́? 130 bar. Èmi tí mò ń kọ́ ènìyàn ní ìwé kíkà ni o! Ojú tì mí.

Kí ni wọ́n ń pè ní bar? Agbára tí omi tàbí atẹ́gùn fi ń ti nǹkan ni wọ́n fi ń wọ̀n. Ẹni tó ń fún táyà ní atẹ́gùn máa ń sọ pé kílò 2 ni fún alùpùpù. Kílò 1 yẹn àti bar 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń gba bíi 8. Ẹ wá ro 130 wò nínú rọ́bà tínínrín.

Rọ́bà ìbọn omi gbọ́dọ̀ ní wáyà irin tí wọ́n hun sínú rẹ̀. Nọ́mbà bar tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ. Tí awọ rẹ̀ bá ya tí wáyà yọ, tàbí tó wú níbì kan, ẹ má dì í, ẹ jù ú nù. Ẹ má sì kọ ìbọn náà sí ènìyàn láéláé, kódà nínú eré. Omi yẹn lè gún awọ ara wọlé. Ojú egbò lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kí inú sì ti bàjẹ́. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ọ̀la.

Rọ́bà búrọ́ọ̀ṣì kò nílò agbára bẹ́ẹ̀. Èyí tó fúyẹ́, tó rọ̀, tó ní àwọ̀n òwú nínú, ló dára. Ẹ tẹ̀ ẹ́ yí ìkúùkù yín ká lójú ọlọ́jà. Tó bá ṣẹ́ tí ojú rẹ̀ pa dé, ẹ fi sílẹ̀. Tí ẹ bá rí gígé kékeré gbà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá gan tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ọṣẹ yẹn máa bà á jẹ́. Ní òkè òkun, òkè ni wọ́n máa ń so rọ́bà yìí kọ́ kó má bàa wọ́ nílẹ̀. Àwa náà lè ri ọparun mọ́lẹ̀ kí a fi gbé e sókè. Iyanrìn tó bá wọ inú irun búrọ́ọ̀ṣì á ha ọ̀dà ara ọkọ̀, oníbàárà ò sì ní padà wá.

Tí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ, tó jẹ́ pé táńkì orí igi ni omi ti ń wá, fífẹ̀ ihò ni kí ẹ wò. Kí omi tó ní agbára bar 1, táńkì gbọ́dọ̀ ga tó mítà 10. Tiwa kì í ju mítà 3 lọ. Nọ́mbà tí mm tẹ̀ lé ni ẹ máa kà, òun ni fífẹ̀ ihò inú. Rọ́bà 19 mm ń gba omi ju ìlọ́po méjì ti 12 mm lọ. Ẹ ra dúdú. Èyí tí oòrùn ń là kọjá, ewé omi á hù sínú rẹ̀. Ẹ má sì ki ẹnu rọ́bà ọṣẹ bọ omi mímu.

Ó tó báyìí. Mo gbé rọ́bà mẹ́ta míì wá, wọ́n wà lórí tábìlì. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá tó bi mí léèrè lọ́jọ́sí, ẹ bọ́ síwájú, ẹ ka ti àkọ́kọ́ fún wa.