Laptop Tòkunbọ̀: Iye Tí Wọ́n Pè Kọ́ Ni Iye Tó Máa Ná Yín

Bóyá inú mọ́tò Ìfàkì sí Ọ̀yẹ́ lẹ ti ń gbọ́ mi, bóyá iwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Ìkọ̀lé lẹ jókòó sí tí ẹ ń retí iná, bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá Ìdó ni o, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń ra laptop la fẹ́ sọ lónìí.

Ohun tó jẹ́ kí n mú un wá ni pé wọ́n gba àbúrò mi obìnrin wọlé sí FUOYE, ọgbà ti Ọ̀yẹ́. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan: "Bọ̀dá mi, mo ti rí laptop o, ọ̀pọ̀ ni. Ẹni tó ń tà á ní kí n tètè fi owó ránṣẹ́ kí ẹlòmíì má baà gbé e." Àyà mi já. "Ọ̀pọ̀ ni" àti "tètè", ọ̀rọ̀ méjì yẹn gan-an ni wọ́n fi mú èmi náà lọ́dún 2019.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ọgbà Ìkọ̀lé nígbà yẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fún wa ti kọjá ohun tí èèyàn lè ṣe lórí fóònù. Èlùbọ́ ni màmá mi ń tà. Wọ́n kó àjọ wọn, wọ́n ka ₦70,000 lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Lọ ra kiní náà, má jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ o." Mo lọ. Ẹni tó tà á fún mi tan laptop náà, ó ń dán gbinrin, fíìmù ń ṣeré lórí rẹ̀. Ṣájà wà lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò sì rò ó pé kí n yọ ọ́. Mo sanwó, wọ́n fún mi ní báàgì àti mouse ṣe èènì, mo ń rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Nígbà tí mo délé tí mo yọ ṣájà, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn mọ bí iná ṣe rí. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUOYE tú jáde ṣe ìwọ́de nítorí àìsí iná, tí ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ẹ̀mí ṣòfò sí. Laptop tí kò lè dá dúró láìsí ṣájà, irú iṣẹ́ wo ló fẹ́ bá èèyàn ṣe nírú ìlú bẹ́ẹ̀? Mo ra bátìrì míì, ₦12,000. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fi iṣẹ́ àṣekágbá mi sílẹ̀, hard disk rẹ̀ kú, ó sì gbé orí méjì nínú iṣẹ́ náà lọ. Mo ra òmíràn, ₦18,000. Mo san ₦9,000 fún ẹni tó bá mi tún iṣẹ́ tẹ̀. Owó ọkọ̀ tí mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀ ní Adó kò dín ní ₦6,000. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ₦115,000. Ọdún kan ààbọ̀ péré ni mo sì lò ó kó tó dákẹ́ pátápátá.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ra tirẹ̀ ní ₦100,000. Gbogbo wa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti lù ú ní jìbìtì. Ọdún mẹ́rin ló lò ó, ó lò ó dé inú ìsìnrú ìlú. Ẹ pín in: ₦25,000 lọ́dún ni tirẹ̀ ná an. Tèmi tó jẹ́ ọ̀pọ̀, ó lé ní ₦76,000 lọ́dún.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí nìyẹn. Iye tí wọ́n pe laptop kọ́ ni iye tó máa ná yín. Ẹ fi iye tẹ́ ẹ máa fi tún un ṣe kún un, kí ẹ wá fi ọdún tẹ́ ẹ máa lò ó pín in.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọjà yìí ti ń wá. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá nílùú òyìnbó máa ń pààrọ̀ laptop àwọn òṣìṣẹ́ wọn lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Àwọn oníṣòwò á ra èyí tí wọ́n kó kúrò, wọ́n á kó o wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba Computer Village ní Ìkẹjà, ní agbègbè Òtìgbà, kó tó dé Adó, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé HP EliteBook, Dell Latitude àti Lenovo ThinkPad lẹ máa ń rí jù. Ẹ má fojú pa wọ́n rẹ́ nítorí pé wọ́n dàgbà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe wọ́n fún, wọ́n le, púpọ̀ nínú wọn ṣeé tú, ẹ̀yà ara wọn sì wà lọ́jà. Látìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ wa. Tòkunbọ̀ tó dáa sàn ju tuntun tí kò ní agbára lọ. Ṣùgbọ́n ibo lẹ ti máa mọ èyí tó dáa?

Àkọ́kọ́, ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí Settings, kí ẹ ka orúkọ processor. Bí ẹ bá rí i5-6300U, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì yẹn, 6, ló ń sọ ìran tó jẹ́: ìran kẹfà. i5-8350U jẹ́ ìran kẹjọ. i5-10210U jẹ́ ìran kẹwàá. Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì? Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ní ti Intel, láti ìran kẹjọ lọ sókè ni wọ́n gbà láàyè fún Windows 11, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Àwọn kan ń fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí ìran kẹfà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé àtúnṣe ààbò á máa dé ibẹ̀. Nítorí náà EliteBook 840 G3 àti 840 G5 lè jọra lójú, àmọ́ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. G3 jẹ́ ìran kẹfà. G5 ló bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí ìran kẹjọ. Bí ẹni tó ń tà bá pe owó G5 fún G3, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ.

Èkejì, ẹ yọ ṣájà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó máa lo bátìrì ní gbogbo àkókò tẹ́ ẹ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ẹ tẹ Enter. Ó máa sọ ibi tó kọ èsì sí, ẹ ṣí i nínú browser. Nọ́ńbà méjì lẹ ń wá níbẹ̀: Design Capacity, ìyẹn agbára tí bátìrì ní nígbà tó jẹ́ tuntun, àti Full Charge Capacity, ìyẹn èyí tó kù. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000, tí èkejì jẹ́ 40,000, ó ṣì dáa. Bí èkejì bá jẹ́ 18,000, ẹ ti ra bátìrì nìyẹn, ẹ yọ owó rẹ̀ nínú iye tẹ́ ẹ máa san.

Lórí ọ̀rọ̀ iná yìí kan náà, ẹ wá èyí tó ń gba ṣájà Type-C. ThinkPad T480 àti 840 G5 ń gbà á. Bí ẹ bá ní power bank ńlá tó lè gbé 65W jáde, ẹ lè ṣiṣẹ́ lọ láìsí pé ẹ ń wá ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ kiri. Ṣájà fóònù kékeré kò lè ṣe é o.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc papọ̀, Task Manager á ṣí. Ẹ lọ sí Performance. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí RAM tó wà nínú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára bébà. 8GB ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó tún máa sọ iye àyè RAM tí wọ́n ti lò. Bí ó bá sọ pé 1 nínú 2, ó dáa, ẹ lè fi kún un lọ́jọ́ iwájú. Ẹ rí i dájú pé SSD ló wà níbẹ̀, kì í ṣe hard disk alọ́po. Irú hard disk yẹn ló sin iṣẹ́ àṣekágbá mi.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, ẹ wọ inú BIOS. F10 ni ti HP, F2 ni ti Dell, F1 ni ti ThinkPad. Bí ó bá béèrè password tí ẹni tó ń tà kò mọ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Iléeṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì lè ní àṣẹ lórí rẹ̀. Bí àyè bá wà, ẹ ní kí wọ́n tún Windows rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ níṣojú yín, kí ẹ so ó mọ́ hotspot fóònù yín. Bí orúkọ iléeṣẹ́ kan bá yọ tó ń béèrè email òṣìṣẹ́ wọn, ẹ má gbé e. Inú BIOS yìí náà lẹ ti máa rí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹ fi wé èyí tó wà lára ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà lórí keyboard níkọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí àwòrán funfun kó kún ojú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ní àbàwọ́n. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, kí ẹ mọ̀ bóyá ọrùn rẹ̀ ti ń mì. Ẹ ki flash sínú ojú ihò USB kọ̀ọ̀kan. Ẹ tan kámẹ́rà, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Gbogbo èyí kò gbà ju wákàtí kan lọ. Bí ẹni tó ń tà bá ń kánjú yín, tó ń sọ pé ẹlòmíì ń bọ̀ wá gbé e, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì náà gbé e. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó ku ìnàjà. Ẹ má kàn ní "ẹ bá wa dín in". Ẹ mú àbùkù tẹ́ ẹ rí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: bátìrì ti rẹ̀, lẹ́tà kan kò jẹ́, RAM kò tó ohun tẹ́ ẹ sọ. Ẹni tó mọ ohun tó ń sọ, wọ́n máa ń gbọ́ tirẹ̀. Kí ẹ má sì jẹ́ kí èènì tàn yín. Báàgì àti mouse kò tún bátìrì ṣe.

Wọ́n tún máa ń bi mí pé ṣé Ìkẹjà ni ká lọ ni àbí Adó. Ọjà pọ̀ ní Ìkẹjà lóòótọ́, ó sì lè rọjú. Ṣùgbọ́n ẹ ka owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, kí ẹ sì bi ara yín pé: bó bá bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé mo lè dá a padà? Ibi tẹ́ ẹ lè padà lọ ló yẹ kí ẹ ti rà á. Ẹ gba rìsíìtì, kí nọ́ńbà laptop náà wà lórí rẹ̀, kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí wọ́n á fi gbà á padà bó bá ní ìṣòro. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fi dandan lé e pé ẹni tó ń ta ọjà àlòkù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé àlòkù ni. Èyí tí ẹnì kan gbé wá bá yín lójú títì láìsí rìsíìtì ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé wọ́n jí i ni, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá.

Báwo ni ti àbúrò mi ṣe parí? Mo ní kó má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. A jọ lọ sí Adó. Ti àkọ́kọ́ tí a wò, BIOS rẹ̀ ti wà ní títì. Ìkejì jẹ́ ìran kẹfà, owó ìran kẹjọ ni wọ́n pè é. Ìkẹta jẹ́ 840 G5, bátìrì rẹ̀ kù bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, lẹ́tà kan sì ń há lórí keyboard rẹ̀. ₦340,000 ni wọ́n pè é. A fi àbùkù méjèèjì náà á, a gbé e ní ₦300,000, pẹ̀lú rìsíìtì àti ọ̀sẹ̀ méjì láti dá a padà. Kì í ṣe òun ni owó rẹ̀ kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o. Òun ni a gbà pé ó máa bá a dé ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

A gbé e lọ fi han màmá wa. Àjọ wọn náà ló tún ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n wá wò mí lójú: "Ṣé èyí ò ní máa kú bí wọ́n bá ti yọ wáyà rẹ̀, bíi tìẹ yẹn?"

Láti 2019 ni mo ti rò pé wọn ò mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra laptop lọ́sẹ̀ yìí, ẹ rántí pé ẹnì kan ló ta èlùbọ́, ta kòkó, tàbí ṣe àfikún iṣẹ́ kí owó yẹn tó pé. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa bí ohun kan kò bá yé yín, a ó dáhùn nínú ètò tó ń bọ̀. Títí di ìgbà náà, ẹ yọ ṣájà o. Ó dìgbóṣe.