Ìbọn Kan Ṣoṣo fún Ọdẹ: Èwo Ni Kí Ó Jẹ́?

Ẹ̀yin olùwòran, ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ lálẹ́ yìí kì í ṣe tuntun láàrin àwọn ọdẹ. Bí ọdẹ mẹ́ta bá pàdé nídìí ẹmu, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń jiyàn lé e lórí: bí ó bá jẹ́ pé ìbọn kan ṣoṣo ni agbára ènìyàn ká, irú èwo ni kí ó rà, irú ọta wo ni kí ó sì máa kì sí i? Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe eré fún àgbẹ̀ tí ó ń ṣọdẹ. Ìbọn wọ́n, òfin sì ń béèrè ìwé àṣẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe ṣakabùlà. Ẹni tí ó bá ṣi ìbọn rà, ọdún púpọ̀ ni yóò fi máa gbé e kọ́ èjìká kiri, bí kò bá tilẹ̀ ṣe é léṣe.

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn òyìnbó ti ń jiyàn yìí, ráífù ni wọ́n sì ń sọ. Ráífù ni ìbọn tí wọ́n fín inú ihò rẹ̀ ní ìlà tí ó ń yí po, tí ọta fi máa ń pòyì bí òkòtó nígbà tí ó bá ń jáde, kí ó lè lọ tààrà sí ọ̀nà jíjìn. Ní Amẹ́ríkà, ọta tí ọ̀pọ̀ ọdẹ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni .30-06, èyí tí àwọn ológun wọn tẹ́wọ́ gbà ní 1906. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ṣọdẹ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà fẹ́ràn .375 ti Holland & Holland, tí ó jáde ní 1912; wọ́n ní ó tó ẹfọ̀n pa, kò sì pọ̀ jù fún ẹranko tí kò tó ẹfọ̀n.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí ó da àríyànjiyàn náà rú. W. D. M. Bell, ará Scotland, ẹni tí wọ́n sọ ní “Karamojo” nítorí ilẹ̀ Karamoja ní Uganda tí ó ti ṣọdẹ, pa erin tí ó lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì fi ráífù mílímítà 7 pa, ọta tí ọ̀pọ̀ ọdẹ yóò kà sí ti ẹranko kékeré. Kì í ṣe oògùn ni ó lò. Ó la orí erin tí ó ti kú láti wo ibi tí ọpọlọ wà àti bí egungun ṣe bò ó, kò sì jẹ́ yìnbọn bí kò bá tíì rí ojú ibẹ̀ dáadáa.

Ìtàn Bell yẹ létí ẹni tí ó ń fi gbogbo owó rẹ̀ lépa ìbọn ńlá. Síbẹ̀, pápá gbalasa ni Bell sábà máa ń wà, ní ojúmọmọ. Ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá, ní igbó Ìjẹ̀bú tàbí ti Ondó, òru ni ó sábà ń dẹ, àtùpà ní iwájú orí, ewé ní ọ̀tún, ìtàkùn ní òsì, ẹranko kò sì ní ju ogún tàbí ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ sí i. Ọ̀yà, òkété, ẹtu, àparò àti ẹtù ni ó ń bá pàdé lójoojúmọ́. Àgbọ̀nrín àti ìmàdò ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti erin, inú igbó ọba Òmò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni díẹ̀ kù sí, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn níbẹ̀ kí wọ́n má baà run.

Kí ni ráífù ńlá fẹ́ ṣe nínú irú igbó bẹ́ẹ̀? Bí ó bá ba ọ̀yà, ẹran tí yóò ṣẹ́ kù kò ní tó ọbẹ̀. Bí kò bá bà á, ọta .30-06 lè rìn ju kìlómítà 4 lọ bí ohunkóhun kò bá dá a dúró, abà ẹlòmíràn sì lè wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Òfin pàápàá ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ráífù oníwọ̀n mílímítà 7.62 tàbí 9, tàbí íńṣì 0.300, mọ́ ti ológun. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní in láìjẹ́ pé olórí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí i. Ibi tí .30-06 tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń yìn bọ́ sí gan-an nìyẹn.

Ṣakabùlà ńkọ́? Òun ni baba ìbọn nílẹ̀ Yorùbá, kò sì sí ọdẹ tí ó yẹ kí ó fojú tín-ín-rín rẹ̀. Owó rẹ̀ kò ga, àìsí kátíríìjì lọ́jà kò sì ní kí ó dùbúlẹ̀. Bí ọdẹ bá papò dà, ìró rẹ̀ ni wọ́n fi ń sìnkú rẹ̀. Kò tíì sí ìbọn òyìnbó tí ó gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí ẹ̀tù tí ó bá rin kò ní gbiná. Ẹranko tí kò bá sì kú lẹ́ẹ̀kan náà yóò ti wọgbó kí wọ́n tó tún un kì tán. Bí ó bá jẹ́ ìmàdò, ó lè má wọgbó, kí ó kọjú sí ọdẹ. Èyí tí ó burú jù ni ìwọ̀n ẹ̀tù. Ojú ni ọ̀pọ̀ fi ń wọ̀n ọ́n, ojú a sì máa tan ènìyàn jẹ lóru. Bí ó bá lọ jẹ́ páìpù omi ni wọ́n fi rọ ọ̀pá ìbọn náà, àpọ̀jù ẹ̀tù lè fà á ya mọ́ ọdẹ lójú.

Ìbọn tí ó bá igbó yìí mu jù lọ ni nọ́ńbà 12 ẹlẹ́nu kan, irú èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ láàrin láti ki kátíríìjì sí i nídìí. Bí wọ́n bá pín òjé tí ó wọn pọ́ùn kan sí ọta róbótó 12 tí ó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn yóò bá ihò ìbọn náà mu rẹ́gí. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ìdí sì nìyẹn tí nọ́ńbà 20 fi kéré sí i.

Àpò ọdẹ ni agbára ìbọn yìí wà. Kátíríìjì nọ́ńbà 6 ní ọta wẹ́wẹ́ tí ó ju 200 lọ nínú, ó sì tó fún àparò, ẹtù àti òkété. Èyí tí ọta rẹ̀ nípọn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ wà fún ọ̀yà àti ẹtu. Bí ó bá di ti àgbọ̀nrín tàbí ìmàdò, ọta ńlá ni ó kàn: nínú irú tí wọ́n ń kọ 00 sí lára, mẹ́sàn-án péré ni ó sábà máa ń wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì nípọn ju mílímítà 8 lọ. Ọdẹ tí ó gbọ́n a máa fi ọta ńlá sí àpò ọ̀tọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn.

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ó bá kọjá nǹkan bí mítà 40, ọta yóò fọ́n ká, ẹranko yóò gbọgbẹ́, yóò sì lọ kú síbi tí igún nìkan yóò ti jèrè rẹ̀. Ojú tí ó ń dán nínú iná pàápàá kò tó ohun tí ènìyàn ń yìnbọn sí. Ojú ewúrẹ́ ń dán, ti ajá náà ń dán. Ojú ẹni tí ó ń bọ̀ láti abà kì í dán bẹ́ẹ̀, ó sì lè wà lẹ́yìn ẹranko náà gan-an.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra nọ́ńbà 12, kí ó wo gígùn kátíríìjì tí wọ́n fín sára irin rẹ̀, ìbáà ṣe mílímítà 65, 70 tàbí 76. Èyí tí ó gùn jù lè wọlé wọ́ọ́rọ́, nítorí pé ìgbà tí ó bá ró ni ẹnu rẹ̀ tó ń là tán, ìbọn a sì gba agbára tí wọn kò ṣe é fún. Kátíríìjì nọ́ńbà 20 ni ó tún léwu jù. Bí ó bá ṣèèṣì wọ inú nọ́ńbà 12, yóò yọ̀ lọ síwájú, yóò sì há sínú ọ̀pá. Ẹni tí ó bá ṣí ìbọn náà yóò rò pé ó ṣófo, yóò ki òmíràn tẹ̀ lé e, ọ̀pá yóò sì bẹ́ nígbà tí ó bá yìn ín. Nítorí èyí ni àwọn tí ó ń ṣe kátíríìjì fi máa ń fi àwọ̀ ìyeyè kun nọ́ńbà 20. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kì í hàn lóru. Bí ìbọn bá kọ̀ tí kò ró, kí ọdẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò sí ẹnìkan, kí ó ní sùúrù díẹ̀, kí ó ṣí i, kí ó sì fi iná wo inú ọ̀pá náà láti ìdí títí dé ẹnu kí ó tó ki òmíràn.