Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣọ́ Ooru Inú Ọkọ̀

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí dá lórí ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, pàápàá irú èyí tí ń darí ara rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ẹ̀rọ yìí kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ni ó ń kó jáde. Ẹ rántí sípírítì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá wa kí ó tó gún wa lábẹ́rẹ́. Bí ó ti ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ojú ibẹ̀ ń tutù, nítorí pé bí ohun olómi bá ń gbẹ, a máa gba ooru lára ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ọgbọ́n yìí kan náà ni ti ọkọ̀. Gáàsì kan wà tí a sé mọ́ inú páìpù. Ẹ́ńjìnnì a máa yí ẹ̀rọ kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, èyí tí ń fún gáàsì náà pọ̀ títí yóò fi gbóná. Gáàsì gbígbóná yìí gba inú páìpù tí ó wà níwájú ọkọ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ ìta gba ooru rẹ̀, ó sì di olómi. Ó wá gba ojú ihò tóóró kan lọ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Níbẹ̀ ni ó ti tún di gáàsì, tí ó sì ń gba ooru lára afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ sí wa. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà a sì di omi. Òun ni ẹ ń rí tí ó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀.

Ilé iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà ti ń ta ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ yìí ní 1940, ṣùgbọ́n bí a kò bá fẹ́ kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́, àfi kí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí a yọ bẹ́líìtì rẹ̀. Ọkọ̀ Cadillac ti 1964 ni ó kọ́kọ́ gbé irú èyí tí ń darí ara rẹ̀ jáde.

Báwo ni ó ti ń ṣe é? Ẹ wo obìnrin tí ń se ẹ̀wà. Bí ìkòkò bá ń ru jù, á fa igi kan jáde. Bí iná bá fẹ́ kú, á ki òmíràn sí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Awakọ̀ a yan 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ohun kékeré kan ń wo ooru inú ọkọ̀, òmíràn ń wo ti ìta. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀kẹta ń wo bí oòrùn ti ń ràn tó. Kọ̀ǹpútà kékeré kan a fi ohun tí wọ́n rí wé 22. Bí ooru bá pọ̀ jù, á mú kí fáànù sáré. Bí òtútù bá fẹ́ pọ̀ jù, á ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan, kí afẹ́fẹ́ tí omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ti mú móoru lè dàpọ̀ mọ́ èyí tí ó tutù. Nítorí náà, ẹni tí ó yan 16 kí ọkọ̀ lè tètè tutù ń tan ara rẹ̀ ni. Bí ọkọ̀ bá gbóná gan-an, gbogbo agbára rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà yóò lò, ìbáà jẹ́ 16 tàbí 22.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni mo fi sẹ́yìn. Nínú ọkọ̀ tí ń lo epo, bí a bá ti pa ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dúró, ìṣọ́ sì parí. Nínú oòrùn, láàárín ìṣẹ́jú 10, ooru inú ọkọ̀ tí a tì lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lé sí i, bí a tilẹ̀ ya gíláàsì díẹ̀. Ara ọmọdé a sì máa gbóná kánkán ju ti àgbà lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti kú báyìí. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe wí pé, “Búrẹ́dì ni mo fẹ́ rà, n kò ní pẹ́.” Ẹ gbé ọmọ yín dání. Ẹ má sì ṣe fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ nítorí rẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì lè kú, ọmọ sì lè fọwọ́ kan jíà. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣe sá pamọ́ sínú ọkọ̀ bí ẹ bá ń ṣeré bojúbojú.

Ẹ̀rọ mọ ooru ṣọ́. Kò mọ ọmọ tọ́jú.